Ẹyẹ Odò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbà Là

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé kámẹ́rà dojú kọ ohunkóhun, kí ohun náà tètè lọ dágbére fún àwọn ẹbí rẹ̀. N kò sọ pé ó burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó kù díẹ̀ kó parẹ́ láyé ló máa ń yà ní fọ́tò, kò sì ní í ya ohunkóhun tó bá ti pọ̀. Ẹ sọ fún un pé ewúrẹ́ yín bí ìbẹta, yóò máa wò yín bí ẹni tó ń wo ògiri. Ẹ sọ fún un pé ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló kù lágbàáyé, kíá ló ti wọ bàtà.

Ó ya ìjàpá odò kan tó jẹ́ pé méje péré ló kù. Nígbà tí ìwé tí fọ́tò náà wà nínú rẹ̀ yóò fi jáde, ó ti ku mẹ́rin. Ó ya afárá onírin kan, wọ́n wó o lóṣù kejì. Ó ya bàbá arúgbó kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣì ń tún taipuráítà ṣe ní gbogbo àdúgbò wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n fi kéde òkú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ọmọ bàbá náà dúpẹ́ púpọ̀, pé fọ́tò náà mọ́ kedere. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àṣẹ́kù. Tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ó kà á ní eyín.

Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin kò ya nǹkan kan. Omi ni mò ń yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni mo wà, nínú yàrá kékeré kan tó ní tábìlì gígùn, ife onígíláàsì lóríṣiríṣi, àti fèrèsé kan tí kò ṣeé tì. Ní wákàtí méjì-méjì, màá bu omi sínú ife, màá kán oògùn sí i, màá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, màá sì kọ iye tí mo bá rí sínú ìwé. Ìyá Onífe ni wọ́n ń pè mí. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó pè mí wá gba àmì ẹ̀yẹ pé omi mi kò pa ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi, ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe é, kò sì fìgbà kan kọ iye tí kò fojú ara rẹ̀ kà sínú ìwé. Ní báyìí, ojú náà kò ríran mọ́. Inú ilé òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ lèmi àti òun ń gbé. Láàárín ilé wa àti ilé ẹ̀rọ, adágún omi àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Koríko odò ti bò ó dé ọrùn.

Inú koríko yẹn ni ẹyẹ náà ń gbé. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, ojú sì máa ń tì í. Ẹ lè gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ẹ má fojú kàn án. Méjì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn wọn nìkan la fi mọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkọ á pè lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó á dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Bàbá á dìde jókòó lórí ibùsùn, á ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o, tọkọtaya." Ìgbà yẹn ni yóò tó béèrè omi ìwẹ̀. Ẹni tí kò ríran ni, kò sí ohun mìíràn tó ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó pè, òun náà á sùn sílẹ̀ máa retí wọn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn oníwádìí kan wá, wọ́n wọ bàtà ẹrẹ̀, wọ́n di ohun èlò mọ́ etí, wọ́n ní ibi márùn-ún péré ni irú ẹyẹ yìí kù sí láyé. Bàbá béèrè pé ta ló kà wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀gá àgbà wa lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé wọn yóò da yanrìn sí adágún náà, wọn yóò fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ogún ọkọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni gbogbo ilé iṣẹ́ wa ní. Ọ̀kan nínú wọn kò ní táyà.

Èmi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí n má parọ́, èmi fúnra mi ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ nọ́ńbà náà. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo ní ọ̀gá àgbà yìí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwé ìròyìn máa ń bà á. Bí ayé bá rí fọ́tò ẹyẹ yìí, ta ni yóò gbójúgbóyà da yanrìn lé e lórí? Àti pé bí wọ́n bá da yanrìn lé e, kí ni màá máa sọ fún bàbá mi láràárọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi kò dé ilé fún ọdún mẹ́ta kí n tó pè é. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá, kò lè wá, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ kan ń kú lọ níbì kan. A kò bá a jà. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ní "ibi márùn-ún péré" báyìí, ọjọ́ kejì ló wọlé, tòun ti àpótí mẹ́fà àti ẹ̀wù kan tó ní àpò ní gbogbo ibi tí àpò kò yẹ kó sí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà," ó ní, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ọmọ yín ọkùnrin."

"Ó dáa. Kí ló ń kú lọ nílé wa?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹyẹ ni.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Bàbá ní. "Mo ti rò pé èmi ni."

Ó pa àgọ́ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko sí etí adágún, ó wọnú rẹ̀, ó sì di ọjọ́ kẹta kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń gbé lọ, bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó já wọ yàrá iṣẹ́ mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù sì gba ìpín tirẹ̀.

"Mo ti rí ìtẹ́ wọn," ó ní. "Ìyàwó ń sàba lórí ẹyin. Ṣùgbọ́n koríko wà níwájú ẹ̀. Ojú ẹyẹ ni mò ń wá, pòròpórò koríko ni mò ń rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i ló ṣe kọ́lé síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa káàánú ẹyẹ tí wọn ò rójú ẹ̀?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ti ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wọn. Wọn kì í gé koríko. Wọ́n á rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi kọ́tìnì, wọ́n á fi okùn so ó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì tú u lójú ẹsẹ̀ kí oòrùn àti ọ̀tá má bàa rí inú ìtẹ́. Ẹni tó bá so ó ni yóò tú u, kí àríyànjiyàn má bàa wà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka òfin. Kò lè so ó fúnra rẹ̀, ó ní àwọn ẹyẹ náà ti mọ àgọ́ yẹn mọ́ ibẹ̀, bí òun bá jáde níwájú wọn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn. Okùn pàápàá, kò mú un wá. Àpótí mẹ́fà, okùn kò sí níbẹ̀.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi, mo mú okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa oògùn, mo tẹ̀ lé e. Ó wọnú àgọ́ láti ẹ̀yìn, èmi gba iwájú, mo bọ́ sínú omi. Ìyàwó fò lọ. Ẹyin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ní àmì tó-tò-tó bí ìgbà tí èèyàn ta yíǹkì sí wọn lára. Mo fa koríko sọ́tùn-ún, mo so ó pọ̀, mo fà á sósì, mo so ó pọ̀. Inú mi dùn. Mo padà sí yàrá iṣẹ́ mi nítorí omi aago mẹ́rin ń dúró dè mí. Láìpẹ́, fóònù mi dún, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo rí i! Mo rí ojú ẹ̀!" Mo pariwo sókè nínú yàrá, ife kan sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ju nǹkan kékeré lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí àdán kan ń dúró dè é lọ́nà jíjìn. Bó ṣe jẹ́ pé èmi ni mo so koríko, ó gbà pé èmi ni màá tú u, ó ṣe tán, òfin ni. Èmi náà gbà pé ẹni tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, tó ń kó àgọ́ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ gan-an, ni yóò na ọwọ́ tú u. Nígbà tí mo kó gíláàsì tó fọ́ tán, ilé ni mo gbà lọ. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ilé iṣẹ́ wá kó wa lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní ọ́fíìsì àgbà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni bí a ṣe ń fọ ife.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gba ẹ̀yìn adágún kọjá. Koríko ṣì wà bí mo ti so ó, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ilẹ̀kùn ilé tí àwọn onílé ti sá fi sílẹ̀. Oòrùn tàn sínú ìtẹ́ náà tààrà. Èèpo ẹyin kan ló kù níbẹ̀. Kannakánná kan bà sórí odi, ó ń nu ẹnu.

Mo wọnú omi tòun ti bàtà, mo tú okùn náà, mo tún koríko padà fínnífínní, mo sì tò ó kó dára gan-an. Fún ta ni? N kò mọ̀. Mo fọ okùn rọ́bà náà, mo gbẹ ẹ́, mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. Mo jókòó, mo sunkún, nígbà tó sì di aago méjì, mo dìde lọ bu omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní lórí fóònù, "ṣé ẹ tú koríko yẹn?"

"Àbí ìwọ kọ́ lo so ó?"

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó wá ní, "Bí ìṣẹ̀dá ṣe rí nìyẹn. Kannakánná náà ní láti jẹun."

Mo ní ẹ kú ìmọ̀.

Fọ́tò náà dára, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ojú ẹyẹ náà ń dán bí ìgbà tí omi fẹ́ kán, orí ẹyin rẹ̀ ló sàba sí, ó ń wo èèyàn bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó wọ ìwé ìròyìn, ó wọ fóònù gbogbo èèyàn. Àwọn tí kò mọ̀ pé adágún wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ń kọ ọ̀rọ̀ pé àwọn ò ní í gbà. Ọ̀gá àgbà wa wá di ọ̀rẹ́ ẹyẹ lọ́sàn-án kan òru kan. Ó ya ìwé ara ògiri yẹn fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ odi wáyà yí adágún ká, wọ́n gbé pátákó ńlá kan síbẹ̀: Ẹ RỌRA O, ẸYẸ Ń SINMI. Wọ́n fi ọlọ́dẹ kan síbẹ̀ pẹ̀lú, tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo mọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dákẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí náà, wọ́n gbé e wá sí iwájú fèrèsé mi tí kò ṣeé tì.

Àwọn àlejò ń wá. Wọ́n á dúró síbi odi wáyà fún wákàtí kan, wọn kò ní í rí nǹkan kan, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó." Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sílé.

Tọkọtaya kò pè mọ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Bàbá sùn títí aago mẹ́sàn-án, ó ń retí wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n ti bọ́ sí òdìkejì adágún, atẹ́gùn ló ń gbé ohùn wọn lọ síbòmíràn. Ó ní ó dáa. Ní ọjọ́ kejì, ó tún béèrè, mo tún sọ ti atẹ́gùn. Ó pẹ́ díẹ̀, kò béèrè mọ́, èmi ni mo ń wọlé tọ̀ ọ́ láràárọ̀ láti sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Á ní, "O ṣé." Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ẹ̀gbọ́n mi tó tún dé. Fọ́tò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ ńlá kan, ó ku ìwé kan ṣoṣo. A jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, Bàbá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ fọ́ọ̀mù náà síwájú mi, ó ṣí bírò fún mi, ó tilẹ̀ fi ìka han ojú ìlà tí màá fọwọ́ sí. Ó kà á sókè, bí ẹni pé etí Bàbá náà ti lọ bí ojú rẹ̀.

"'Èmi ẹlẹ́rìí jẹ́rìí pé nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò yìí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìtẹ́, koríko tàbí ohunkóhun tó yí i ká.' Ìyẹn náà ni. Fọwọ́ sí i, àbúrò mi."

"Tí n ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Wọn ò ní í fún mi ní àmì ẹ̀yẹ náà. Wọ́n á kọ ọ́ síta. Ọ̀gá yín á gbọ́ pé àwa la tú ẹyẹ ká, á ní kí wá lòun tún ń ṣọ́? Yanrìn á dé lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n tá a bá gbà á, wọ́n ti ṣèlérí pé ìjọba máa fi òfin de adágún yẹn títí láé."

"Ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," Bàbá ní.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàtà rẹ̀. Ẹni tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta wo ìdí koríko, kò lè fi ìṣẹ́jú kan wo ojú tí kò ríran. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo sọ ti okùn rọ́bà, mo sọ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo sọ ti kannakánná. Mo sọ pé kò sí atẹ́gùn kankan tó ń gbé ohùn lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi ni mo so ó, n kò tú u."

Bàbá na ọwọ́, mo gbé fọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí ìwé ẹ̀rọ rẹ̀ láyé ọjọ́sí kó tó kọ nǹkan sí i. Ó dá a padà.

"Fọwọ́ sí i."

"Bàbá, irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Koríko yẹn ni wọ́n fẹ́ da yanrìn bò, kì í ṣe fọ́tò. Tí òmíràn bá ń wá ibi tó máa kọ́lé sí lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé kọ́ ló máa wá kà. Fọwọ́ sí i, jàre."

Mo fọwọ́ sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ iye omi, n kò kọ irọ́ rí, n kò sì mọ̀ pé bírò máa ń yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí irọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yíǹkì náà kó lè gbẹ, ó fi ìwé náà sínú ọ̀kan nínú àwọn àpò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní òun á tètè máa lọ. Ìgbín kan ló ń kú lọ lọ́tẹ̀ yìí. A gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ lọ, a sì gbọ́ ọlọ́dẹ tó ń pariwo mọ́ ọn pé kó yé pariwo.

Ó ku èmi àti Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́.

"Ẹyin mélòó ni?" ó ní.

"Mẹ́ta, sà."

"Ọjọ́rú lo so koríko. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kó yín lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó yíjú sí fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó fẹ́ rí níbẹ̀.

"Wọ́n ké ní Ọjọ́bọ̀ yẹn," ó ní. "Àwọn méjèèjì. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, wọn ò sinmi. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo ní ẹyin wọn ti di ọmọ. Ibí yìí ni mo jókòó sí, tí mò ń bá wọn yọ̀. Mò ń pàtẹ́wọ́."